Bọ́tìnì Kọ́sítọ́mà

"Ó tán," ni Kọ́sítọ́mà wí.

Kò tíì tán. Bọ́tìnì náà ṣì wà níta ihò rẹ̀, bọ́tìnì dúdú ńlá lórí ẹ̀wù pupa. Ọmọ náà tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gidi títí èékánná rẹ̀ fi funfun, ó sì dẹtí bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí kí wọ́n dáhùn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó wo bọ́tìnì, ó wo àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ní, "Ó tán." Lọ́tẹ̀ yìí ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kò tíì tán, ọ̀rẹ́ mi," ni Àǹtí Bọ́tìnì wí. "Tún un gbìyànjú."

Àǹtí Bọ́tìnì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè wọn lọ́ra ló ń tọ́jú. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ọwọ́ àti ara wọn ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe láìronú: kí wọ́n di ṣíbí mú, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí wọ́n de bọ́tìnì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ̀, tó rí tìmùtìmù, bọ́ọ̀lù ńlá àti agolo ìlẹ̀kẹ̀, á rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kó dúró díẹ̀, kó wo bí ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe ń làágùn torí pé ó fẹ́ ṣí ìdérí ike.

Màmá Aránṣọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ̀ wá láti ilé, kí wọ́n tó wọ ẹ̀wù pupa ti Àǹtí Bọ́tìnì fún un, lé itan. Òun ló sọ ọmọ náà ní Kọ́sítọ́mà. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lè jókòó, orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ àgbà ló máa ń wà, á ká ọwọ́ lẹ́rán, á tẹjú mọ́ ìyá àgbà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, bí oníbàárà tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún lẹ́ẹ̀mẹta tí aṣọ kò sì tíì jáde. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ tó ní kò ju ohun tí èèyàn lè kà tán kí omi tó hó. "Ó tán" ló fẹ́ràn jù nínú wọn.

Ọmọ náà tún tẹ bọ́tìnì. Ó tún dẹtí.

"Àǹtí, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti ń de mẹ́ta fúnra rẹ̀," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, tó máa ń fi ohùn kan náà sọ ọ̀rọ̀ dídùn àti ọ̀rọ̀ kíkorò. Ó wá fúnra rẹ̀ láti wo ọmọ náà kó tó pinnu bóyá á gbà á sí kíláàsì àkọ́kọ́. Òfin ibẹ̀ kò le púpọ̀, àmọ́ wọn kì í yẹ̀ ẹ́: ọmọ tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ lè wọṣọ ara rẹ̀, torí olùkọ́ kan ló wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

"Ó ń dè é nílé, mà," ni ìyá ọmọ fèsì kíá. Ó ti gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ yìí, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti na fóònù síwájú. "Ẹ wò ó, fídíò rẹ̀ nìyí. Màámi ló yà á."

Nínú fídíò náà, Kọ́sítọ́mà de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéré-wéré, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wò ó dé òpin.

"Ó wù mí láti rí i bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àmọ́ fóònù kọ́ ló máa wọ kíláàsì." Ó dá fóònù padà. "Ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ kan wà tí ohun tí wọ́n bá mọ̀ lónìí kì í dúró di ọ̀la. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiẹ̀ rí, kò ní dáa ká fi í sáàárín èrò. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílé lọ́dún yìí."

Ìyá ọmọ ń yí fóònù náà lọ́wọ́.

"Bóyá èmi ni mo sáré jù," ni Àǹtí Bọ́tìnì wí, ó sì kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. "Bí mo ṣe rí fídíò yẹn, mo fi ẹ̀kọ́ bọ́tìnì sílẹ̀, mo bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ sínsín. Ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Ẹ̀bi mi ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Màmá Aránṣọ lára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó wà lórí itan rẹ̀ níbẹ̀, ó láwọ̀ ewé, ó ní bọ́tìnì mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí Àǹtí Bọ́tìnì ní kó ṣe nílé kò le rárá. "Màmá, ẹ ti bọ́tìnì wọ ihò dé ìdajì," ló wí. "Kí ó fúnra rẹ̀ fa ìdajì tó kù jáde. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀, òun ni kó parí rẹ̀. Ọmọ tó bá ń parí nǹkan lójoojúmọ́, láìpẹ́ á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì ń yún yín láti bá a ṣe é, ẹ fi sábẹ́ itan, kí ẹ jókòó lé e." Màmá Aránṣọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn nígbà náà. Ọwọ́ tó ti ń de bọ́tìnì fún gbogbo ayé láti ìgbà èwe, ta ló máa jókòó lé e?

Ọwọ́ náà kò sì gbọ́. Tí Kọ́sítọ́mà bá fa bọ́tìnì tí kò bá jáde, á bu apá ẹ̀wù jẹ, á sunkún láìpariwo, omi á kàn máa dà lójú rẹ̀. Ìyá àgbà kò lè wò ó. Á bá a fà á. Nírọ̀lẹ́, ìyá ọmọ á dé láti ibi iṣẹ́, kó tó kí ìyá tó bí i, kó tó bọ́ bàtà, á béèrè pé, "Ṣé ó ṣe é lónìí?" Màmá Aránṣọ á ní rárá, á sì rí ojú ọmọ tirẹ̀ bó ṣe ń ṣú.

Ìgbà tó rí ojú yẹn títí tó sú u, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán ihò bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. Ó gbé bọ́tìnì lé wọn lórí fún ẹwà lásán, ó sì fi bọ́tìnì onírin pẹlẹbẹ sábẹ́, irú èyí tí èèyàn kàn ń tẹ̀ mọ́ra tó máa dún "kó". Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè fura. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá ọmọ béèrè, ó ní, "Wá wò ó." Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín tó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, tó bá dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kì í rántí nǹkan. Tó bá sọ̀rọ̀, bóyá ọmọ tó bí kò ní fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un mọ́. Ó wo Kọ́sítọ́mà tó kọ ẹ̀yìn sí wọn, tó ṣì ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀wù pupa náà, tó ń ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé sókè, ó fi ìka méjì tẹ bọ́tìnì òkè.

Ó dún: kó.

"Ó tán!" ni Kọ́sítọ́mà ké. Kò tilẹ̀ yíjú wẹ̀yìn.

Màmá Aránṣọ tẹ ìkejì. "Ó tán!" Ọmọ náà wá yíjú báyìí, inú rẹ̀ ti dùn, ó ń wá ẹni tó tọ́ sí àtẹ́wọ́.

"Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ò gba nǹkan," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ báyẹn."

Àǹtí Bọ́tìnì gba ẹ̀wù náà, ó yí i padà, ó fi ìka tọ ihò tí wọ́n rán pa. "Ah, iṣẹ́ yìí mọ́ o, Màmá," ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó wá rántí ara rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ pé kó máa tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n?"

"Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò ṣú."

Àǹtí Bọ́tìnì dìde. "Mà, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?" ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. "Ọmọ yìí ò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi hàn án gan-an ló ń ṣe fún wa láti àárọ̀, àwa la ò mọ̀."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò kúkú lè máa lo alátẹ̀mọ́ yìí?" ni Màmá Aránṣọ béèrè. Ojú ń tì í, àmọ́ ìyá àgbà ṣì ni. "Aṣọ á ṣáà bo ara."

"Àwọn ọmọ kan wà tí èmi fúnra mi máa ń ní kí wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ìka tirẹ̀ á lè ṣe é, Màmá. Ìka tó ń yí bọ́tìnì ló máa di pẹ́ńsù mú. Òun ló máa ṣí ẹ̀rọ omi. Aṣọ nìkan kọ́ là ń bá a wá."

Ọ̀gá ilé-ìwé ti ń kó báàgì rẹ̀. "Bọ́tìnì ilé-ìwé wa kì í dún," ó ní. "Ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé. Bó bá dè é níṣojú mi, bó pẹ́ bó yá, màá gbà á. Bí kò bá dè é, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ há mi mọ́lẹ̀."

Ìyá ọmọ kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ó di ìgbà tí Kọ́sítọ́mà sùn lórí àga ní pálọ̀ kó tó dẹnu lé e.

"Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, Màámi. Ó fi han gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pe ara wọn wá wò ó."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń wò mí. Mò ń jó níwájú yín, ẹ sì ń wò mí."

"Ìwọ ni mo rán an fún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má jẹ́ n purọ́ lé irọ́. Àánú ọmọ ṣe mí lóòótọ́, àmọ́ ojú tìrẹ ni mi ò lè wò mọ́. Tó o bá dé, o kì í kí mi, o kì í kí ọmọ. 'Ṣé ó ṣe é?' ni. Bí mo bá ní rárá, á dà bíi pé mo fi nǹkan gbá ọ lójú. Ọmọ tèmi náà lò ń jẹ́. Mo bá ọ de bọ́tìnì tìrẹ."

Ìyá ọmọ fẹ́ fèsì, omi lé sí i lójú. Ó lọ síbi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, ó tún apá rẹ̀ ṣe.

"Mi ò ní béèrè mọ́," ó ní.

"Kò sẹ́ni tó ní kó o má béèrè. Ṣáà kọ́kọ́ kí wa ná."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Aránṣọ fi abẹ tú gbogbo iṣẹ́ tó mọ́ náà. Ó la ihò bọ́tìnì padà, ó rán bọ́tìnì gidi mọ́ ọn, ó gbé ọmọ lé bẹ́ǹṣì. Ó ti bọ́tìnì wọlé dé ìdajì. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ó ti bímọ rí, ó ti sìnkú ọkọ, kò mọ̀ pé jíjókòó lè le tó bẹ́ẹ̀. Kọ́sítọ́mà tẹ bọ́tìnì, kò dún. Ó bu apá ẹ̀wù jẹ. Ó sunkún. Ó mú ọwọ́ ìyá àgbà, ó fẹ́ fà á jáde lábẹ́ itan, ìyá àgbà sì tẹ̀wọ̀n sí i bí àpò sìmẹ́ńtì. "Wàá fà á," ó ń sọ. "Wàá fà á, ọkọ mi. Ara rẹ ló wà." Oníbàárà kan wọlé, ó bá ọmọ tó ń sunkún àti àgbàlagbà tó jókòó lé ọwọ́, ó ní òun á padà wá.

Ọjọ́ mìíràn a dáa, ọjọ́ mìíràn a burú. Àǹtí Bọ́tìnì fún un ní agolo tí wọ́n la lójú, kí ọmọ máa ti owó onírin gba inú rẹ̀ kọjá, kí ìka rẹ̀ lè mọ bí nǹkan ṣe ń wọlé níhìn-ín tó ń bọ́ sọ́hùn-ún. Ó fẹ́ràn ìyẹn. Nígbà tó ṣe, ìdajì bọ́tìnì ń jáde. Nígbà tó tún ṣe, ìyá àgbà kàn ń fi ẹnu bọ́tìnì kan ẹnu ihò ni, ọmọ á ṣe ìyókù. Nírọ̀lẹ́, ìyá ọmọ á wọlé, á kí ìyá rẹ̀, á kí ọmọ, á jókòó tì wọ́n. Kò béèrè. Nígbà míì, ojú rẹ̀ ló ń béèrè. Ìyá rẹ̀ á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, Màmá Aránṣọ gbé ẹ̀wù ilé-ìwé tuntun tó rán lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Màmá Aránṣọ fèsì. "Èmi náà ì bá wò ó."

Wọ́n wọ ẹ̀wù náà fún Kọ́sítọ́mà. Ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà àti Àǹtí Bọ́tìnì jókòó sórí àwọn àga kéékèèké tí wọ́n tò síbẹ̀ fún ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá ilé-ìwé fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọmọ náà. Kọ́sítọ́mà wo ìsàlẹ̀ ẹ̀wù, ó mú bọ́tìnì tó kẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn.

Ó dẹtí.

Ìyá ọmọ pa ojú dé. Kò sí nǹkan tó dún ní ọ́fíìsì náà àfi fáànù.

Nígbà náà ni ọmọ náà tú àtàǹpàkò rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì wá ihò, ó rí i, ó sọ ọ́ nù, ó tún rí i. Ó ki bọ́tìnì síbẹ̀, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé apá ẹ̀wù sẹ́nu, ó tún yọ ọ́ kúrò. Ó tún ki bọ́tìnì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì wọlé díẹ̀, ó há síbẹ̀, ọmọ náà ń mí gúlegúle, ó ń fà á, kò jáde. Ó kù díẹ̀ báyìí. Ó kù díẹ̀ débi pé ọ̀gá ilé-ìwé, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ọmọ ọlọ́mọ tún aṣọ ṣe, na ọwọ́ láìmọ̀ láti bá a fà á.

"Ọ̀gá," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ẹ dákun. Ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ itan."

Ọ̀gá ilé-ìwé wò ó. Ó wo àwọn obìnrin mẹ́ta tó wà lórí àga ọmọdé, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níta nínú wọn. Ó fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Bọ́tìnì náà jáde sí òdìkejì. Kò dún. Kọ́sítọ́mà dúró dè é kó dún, nígbà tí kò dún, ó fa ẹ̀wù náà sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, kó lè rí i bóyá á tú. Kò tú. Ó gbójú sókè sí ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ó tán," ó ní, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, bí ẹni tó ń sọ àṣírí.

Ìyá ọmọ ti ń sunkún. Ọ̀gá ilé-ìwé mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ yọ ọwọ́ láti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ má tíì yọ ọ́, mà," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ó ku méjì."